Ọjọ́ tí A Tẹ̀ Lé Fìlà Funfun ní Ìkòsì

Ọjọ́ Sátidé kan wà tó wọ̀ mí lọ́kàn títí dòní, kò sì jọ pé ó ń palẹ̀ mọ́ láti jáde. Bí mo bá rántí ẹ̀ ní ọ́fíìsì, mo máa ń díbọ́n pé mò ń wúkọ́ ni, torí irú ẹ̀rín tí ìtìjú wà nínú ẹ̀ kò ṣeé ṣàlàyé fún ọ̀gá ẹni.

Èmi náà ni mo fọwọ́ ara mi fà á. Bàbá mi ti kú lọ́dún tó ṣáájú, màmá mi nìkan ló sì kù nínú ilé wa ní Abẹ́òkúta. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ṣubú nídìí kànga, aládùúgbò ló gbé wọn dìde. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ìyẹn ni mi ò ti rí oorun sùn dáadáa. Èmi àti Káyọ̀dé, ọkọ mi, ní yàrá kan tó ṣófo nínú ilé wa ní ẹ́sítéètì kan ní Ìkòsì, mo sì fẹ́ kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ wa. Wọ́n wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní àlejò ọ̀sẹ̀ méjì làwọn. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń dúró lójú fèrèsé, tí wọ́n ń wo géètì ẹ́sítéètì bí ẹni tó ń dúró de ọmọ ilé-ìwé tó pẹ́ lẹ́yìn.

“Ibi tẹ́ ẹ wà yìí kò ní àná,” wọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ kan. “Mo bi géètìmáànù yín pé ta ló kọ́kọ́ délẹ̀ ibí, ó ní òun ò mọ̀. Mo bi pásítọ̀ yín, ó ní Ìbàdàn lòun ti ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Gbogbo yín lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé! Èmi ò lè dàgbà síbi tí kò sẹ́ni tó mọ ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀.”

“Mummy, àwọn onílẹ̀ wà ní Ìkòsì o. Ìkòsì ti pẹ́.”

“Fi wọ́n hàn mí.”

Wọ́n ní lọ́jọ́ Mọ́ńdè làwọn ń padà sílé. Ìyẹn ni pé Sátidé nìkan ló kù fún mi láti fi ìtàn Ìkòsì dá ìyá mi dúró.

Ẹnì kan níbi iṣẹ́ Káyọ̀dé ló júwe Brother Délé fún wa. Ó ní Brother Délé máa ń mú àwọn èèyàn rìn yíká àwọn àdúgbò àtijọ́, tí á máa sọ ìtàn wọn láti ojúlé dé ojúlé. Orí fóònù nìkan ni mo ti bá a sọ̀rọ̀. Ó ní ká pàdé òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà kékeré kan láàárọ̀ Sátidé.

“Báwo la ṣe máa dá yín mọ̀?” mo bi í.

“Màá dé fìlà funfun. Ẹ ò ní ṣì mí mọ̀ rárá, Sister.”

Ẹ̀yin náà ẹ bá mi wò ó. Fìlà funfun, ní Èkó, láàárín àwọn onílẹ̀ tó jẹ́ pé fìlà funfun ni wọ́n fi ń dá olóyè wọn mọ̀! Ó yẹ kí n ti gbọ́n nígbà náà. Ṣùgbọ́n ọmọ tó fẹ́ mú ìyá ẹ̀ sọ́dọ̀ kì í ronú jìnnà.

Nígbà tí Sátidé dé, màmá mi wọ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì. Káyọ̀dé wọ ṣòkòtò péńpé, ó gbé kámẹ́rà ńlá kan kọ́ ọrùn, ó ní bí àwọn tó ń wo ìlú ṣe ń múra nìyẹn. Èmi wọ bàtà gíga tuntun, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ mi. Iná ò sí láti ọjọ́ Tọ́sìdeè, nítorí náà fóònù mi ti kú, ti Káyọ̀dé náà ń kú lọ.

Nígbà tí a dé ọjà yẹn, a bá ọ̀pọ̀ èèyàn níbẹ̀, àwọn àgbà àti àwọn ọ̀dọ́kùnrin, àwọn mẹ́ta láàárín wọn sì dé fìlà funfun. Èyí tó dàgbà jù, tó mú ọ̀pá dání, wo kámẹ́rà ọrùn Káyọ̀dé, ojú ẹ̀ sì tàn.

“Ẹ̀yin rèé! A ti ń retí yín láti àárọ̀. Ṣé kámẹ́rà yẹn ń ṣiṣẹ́ dáadáa?”

“Dáadáa ni, sir,” Káyọ̀dé dáhùn.

“Ó yá, ẹ máa tẹ̀ lé wa.”

Mo fa Káyọ̀dé létí. “Ohùn ọ̀dọ́ ni mo gbọ́ lórí fóònù o.”

“Fóònù máa ń yí ohùn padà,” ni ọkọ mi sọ, ó sì ti bọ́ síwájú.

Ohun tí a ò mọ̀ ni pé ìdílé bàbá yìí ń bá ìdílé mìíràn du ilẹ̀. Lọ́yà wọn ló ní kí wọ́n rin ààlà ilẹ̀ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lọ́jọ́ náà, pé òun á rán àwọn èèyàn òun wá pẹ̀lú kámẹ́rà láti ya gbogbo ẹ̀. Àwa la wá débẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà.

A bẹ̀rẹ̀ ìrìn. Bàbá dúró nídìí pèrègún kan. “Bàbá bàbá mi ló gbin èyí. Yà á.” Káyọ̀dé yà á. Wọ́n dé ìdí kùkùté kan tó ti jẹrà. “Yà á.” Ó yà á. Wọ́n dé ìdí kànga tí wọ́n ti dí, wọ́n dé ara ògiri tó ti là, wọ́n dé ẹnu gọ́tà. Káyọ̀dé ń yà á tayọ̀tayọ̀, ó ní amọ̀nà yìí mọ ibi tó yẹ ká yà ju àwọn amọ̀nà mìíràn lọ. Mo gbọ́ tí àwọn èèyàn ń dárúkọ lọ́yà léraléra lẹ́yìn wa, mo rò pé ó wà nínú ìtàn ni.

Màmá mi ńkọ́? Ẹ ò rí wọn! Wọ́n ti bọ́ síwájú, wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá, wọ́n ń bèèrè ìbéèrè lórí ìbéèrè. Nígbà tó yá, wọ́n kọjú sí àwọn ọ̀dọ́kùnrin ìdílé náà.

“Ta ló gbin pèrègún yẹn?”

Àwọn yẹn wo ara wọn lójú.

“Ṣé ẹ ò gbọ́ ni? Gbogbo yín, ta ló gbìn ín?”

“Bàbá bàbá Bàbá ni, mà!” ni wọ́n pariwo pa pọ̀. Bàbá ń mi orí sókè, ó ń mi orí sílẹ̀, inú ẹ̀ dùn gan-an.

Ààlà yẹn kò mọ̀ pé àwọn èèyàn ti kọ́lé sórí òun. A gba àárín ilé méjì kọjá, a bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ aṣọ tí wọ́n sá, obìnrin kan tó ń fọṣọ gbé bàsíà ẹ̀ kúrò lọ́nà fún wa láìbi wá ní nǹkan kan. Bàbá wá dúró níwájú balùwẹ̀ onípáànù kan tí kò ní òrùlé.

“Inú ibí yìí gan-an ni òkúta ààlà wa wà. Yà á.”

“Mò ń wẹ̀ o!” ni ohùn ọkùnrin kan ké láti inú lọ́hùn-ún.

“A mọ̀,” ni Bàbá wí. “Fọ́tò kan péré ni.”

Màmá mi kẹ̀yìn sí balùwẹ̀ bó ṣe yẹ. “Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi,” wọ́n bá a sọ̀rọ̀ láti ibi tí wọ́n wà. “Ìtàn ni.” Káyọ̀dé gbé kámẹ́rà gba òkè páànù, ó di ojú, ó sì tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí a fọ fọ́tò yẹn, òkúta náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, orúnkún olóṣẹ kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Bí a ṣe kúrò níbẹ̀, màmá mi di ọwọ́ mi mú. “Ibí ní àná,” wọ́n ní. “Mi ò mọ̀.” Inú mi dùn débi pé mo ti ń ro irú kọ́tìnì tí màá rà sí yàrá wọn.

Ayọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n jókòó. Òkúta wẹ́wẹ́ ti wọnú bàtà gíga mi, mo sì rí sìmẹ́ǹtì kékeré kan tó yọrí nínú ilẹ̀. Wọ́n kọ nọ́ńbà sí i lórí, mo rò pé nọ́ńbà ilé ni. Mi ò sanra o, ṣùgbọ́n mi ò fúyẹ́ náà. Bí mo ṣe jókòó lé e báyìí, ó ṣubú, èmi náà bá a ṣubú, mo bá ara mi nínú ẹrọ̀fọ̀ pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì lórí itan.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá ṣí fìlà. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́kùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè. “Ọlọ́run ló wú u! Ọlọ́run ló wú u!” Bíkìn ni mo wú, òpó tí àwọn sọ́féyọ̀ máa ń rì mọ́lẹ̀ láti fi pààlà ilẹ̀, ti ìdílé kejì sì ni.

“Yà á!” ni Bàbá kígbe. Káyọ̀dé, ọkùnrin tó búra níwájú pẹpẹ pé òun á dúró tì mí, kọ́kọ́ yà mí ná kó tó wá gbé mi dìde.

Ìyá kan jáde láti ilé tó kọjú sí wa, Àlàájà ni gbogbo èèyàn ń pè é. “Ẹ gbà wá o! Wọ́n ti wú bíkìn wa! Obìnrin yìí ni! Ó ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀!”

Lóòótọ́, ó ṣì wà lọ́wọ́ mi. Kí n tó gbé e sílẹ̀, èrò ti yí wa ká.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, a wá wo ìlú ni,” ni mo bẹ̀ wọ́n.

“Wo ìlú kẹ̀? Àwọn èèyàn ń lọ sí etíkun, ẹ̀yin wá wo ẹ̀yìnkùlé wa!”

“Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n!” ni Bàbá gbà á lẹ́nu ẹ̀. “Èèyàn lọ́yà wa ni wọ́n.”

Káyọ̀dé yíjú sí i. “Lọ́yà wo, sir? Ṣé ẹ̀yin kọ́ ni Brother Délé?”

Bàbá sún mọ́ ọn. “Ta ní ń jẹ́ Délé?”

Àwọn tí a ń tẹ̀ lé sọ pé ìdílé Àlàájà ló rán wa wá ṣamí. Àwọn èèyàn Àlàájà ní irọ́ ni, a ń díbọ́n. Ìdílé méjì tí kò tíì fohùn ṣọ̀kan rí wá fohùn ṣọ̀kan lórí wa. Wọ́n ní ká máa lọ sílé àgbà kan tí tọ̀túntòsì ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu ní àdúgbò náà, Àlàájà sì ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gba bíkìn lọ́wọ́ mi, ẹ̀rí ni. Bí mo ṣe gbé e lé èjìká nìyẹn, pẹ̀lú ẹrọ̀fọ̀ nídìí, tí mò ń tiro lórí bàtà gíga láàárín ìgboro. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa kan pàdé mi lọ́nà. “Ẹ kú iṣẹ́ o, Sister,” ló wí, ó sì kọjá lọ.

Màmá mi ń tẹ̀ lé wa lẹ́yìn pátápátá, wọn ò sì wo ojú mi. Ìyẹn ló dùn mí jù. Mo mọ̀ nínú ara mi pé ó ti parí, wọn ò tilẹ̀ ní dúró di Mọ́ńdè mọ́.

Nílé àgbà náà, mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé, ẹkún gbà á lẹ́nu mi. Káyọ̀dé fi fóònù hàn wọ́n, fóònù kú sí i lọ́wọ́. Màmá mi wá dìde, wọ́n gbàyè, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn gbogbo ohun tí ojú wọn rí láti ìdí pèrègún dé ìdí balùwẹ̀. Wọ́n ní nídìí kànga, Bàbá sọ pé bàbá bàbá òun ló gbẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n lẹ́nu gọ́tà, ó ní àbúrò bàbá òun ni.

Àlàájà pàtẹ́wọ́. “Ẹ gbọ́ o!”

“Ẹ̀yin náà, mà,” ni màmá mi wí. “Bíkìn tó bá ti pẹ́ nínú ilẹ̀ kì í ṣubú torí ìdí obìnrin kan. Ẹ̀yin pẹ̀lú ẹ wò ó, ó ṣì ń run sìmẹ́ǹtì tuntun.”

Àtẹ́wọ́ Àlàájà dúró lójú kan. Àgbà yẹn rẹ́rìn-ín títí ó fi fa áńkáṣíìfù yọ. Nígbà tó nu ojú tán, ó ní ẹlẹ́rìí tí kò lẹ́bí níbẹ̀, tí kò sì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, ló ti ń wá láti ọjọ́ yìí. Ó ní ìdílé méjèèjì á tún jókòó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí màmá mi jọ̀ọ́ wá síbẹ̀.

“Mummy, ẹ ní ẹ̀ ń lọ sílé lọ́jọ́ Mọ́ńdè,” ni mo rán wọn létí, bí òmùgọ̀.

“Kí n fi ẹjọ́ sílẹ̀ láàárín kí n máa lọ? Ìwọ ọmọ yìí!”

Ìdájọ́ tèmi ni pé kí n kúnlẹ̀ bẹ Àlàájà. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. “Mo ti gbọ́. Dìde. Ṣùgbọ́n má jókòó o.”

Brother Délé? Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ kejì ọjà yẹn títí oòrùn fi pa á. Nígbà tí mo pè é láti tọrọ àforíjì, ó ní òun ti ra fìlà pupa.

Màmá mi ò lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Wọn ò lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e. Wọ́n sún ìjókòó síwájú, wọ́n tún sún un, màmá mi ò sì pa ọ̀kankan jẹ. Mo sọ òótọ́ fún yín, inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi sunkún nígbà tí mo gbé kọ́tìnì yẹn kọ́ sí yàrá wọn, mo sì sùn bí ọmọdé lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò ta kókó: bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ lé èèyàn lọ wo ìlú, ẹ kọ́kọ́ bi í lórúkọ, bó ti wù kí fìlà ẹ̀ funfun tó. Bí ó bá sì rẹ̀ yín lọ́nà, ẹ fara dà á. Ẹ̀kọ́ kejì ló ṣì ń bá mi jà. Mo ti rò pé bí màmá mi bá ti ń gbé ọ̀dọ̀ mi, a ó jọ máa jókòó nírọ̀lẹ́, a ó jọ máa jẹun. Lọ́jọ́ kan mo sá kúrò níbi iṣẹ́ lásìkò, mo se ọbẹ̀ tí wọ́n fẹ́ràn, mo dúró, mo dúró. Mo wá pè wọ́n.

“Mummy, ibo lẹ wà?”

“Mo wà nílé.”

Mo wo yíká pálọ̀. “Mummy, èmi ni mo wà nílé.”

“Ilé Àlàájà ni mo wí. Jẹun, kó o lọ sùn. Ìtàn wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi tí bàbá wọn ti ra ilẹ̀ ni.”

Mo gbọ́ ẹ̀rín Àlàájà lẹ́yìn wọn. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo bu oúnjẹ ẹnì kan, mo sì bá wọn rẹ́rìn-ín láti ibi tí mo wà.