Aláìsàn Tí Dókítà, Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí Ń Jà Lé Lórí

Bí mo bá gbàgbé gbogbo ọjọ́ tí mo lò ní Kútọnu, ọ̀kan wà tí kò lè jáde lọ́kàn mi. Ìgbà Ìyípadà ni, nígbà tí ìjọba ní gbogbo èèyàn dọ́gba, tí tọmọdé tàgbà ń pe ara wọn ní kámáráàdì. Mo ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹnu mi sì mú bí abẹ.

Ohun tó ń dun àwa akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ni pé bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dókítà bá ń yí ibùsùn aláìsàn ká láàárọ̀, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn là ń dúró sí. Mo gbé ẹjọ́ wa lọ bá màdáàmù tó ń kọ́ wa. Ó dá mi lóhùn pé:

"Kámáráàdì, lọ wọn ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ dókítà, nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí mọ̀ nípa iṣẹ́ ara wọn. Wá sọ ọ́ níwájú ọ̀gá àgbà ilé ìwé wa lọ́jọ́ Ẹtì. Bí o bá rí nǹkan gidi sọ, màá bá yín bẹ̀ ẹ́ kí ẹ máa wọlé sídìí ibùsùn aláìsàn."

Orí mi wú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè kiri, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìpàdé òṣèlú ni gbogbo wọn fi ń dá mi lóhùn. Kosí, akẹ́kọ̀ọ́ dókítà tó ga bí òpó iná, na ọwọ́ sókè: "Gbogbo òṣìṣẹ́ dọ́gba! Éhúzú! Ayé ti yí padà!" Àwọn agbẹ̀bí ní gbogbo òṣìṣẹ́ dọ́gba. Àwa nọ́ọ̀sì tí ẹjọ́ dókítà kì í tán lẹ́nu wa, àwa náà ní a dọ́gba. Ta ló fẹ́ kí wọ́n gbọ́ nǹkan mìíràn lẹ́nu òun nígbà yẹn?

Ni ọgbọ́n bá dé sí mi, àbí kí n pè é ní agọ̀. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, mo tẹ́ ẹní sórí yanrìn àgbàlá ilé ìwé, mo ró ìró tuntun tí mo rà ní ọjà Misẹ́bò, mo dùbúlẹ̀.

"Ẹ̀yin kámáráàdì, èmi ni aláìsàn. Kí kálukú fa àwọn oníṣẹ́ yòókù lọ síbi tó rò pé iṣẹ́ wọn wà."

Ẹnu lè purọ́, mo rò pé ẹsẹ̀ kò lè pa á.

Kosí fa àwọn nọ́ọ̀sì lọ sídìí ẹ̀rọ omi: "Ẹ máa pọnmi." Àwọn nọ́ọ̀sì padà wá, wọ́n ti Kosí dé ẹnu géètì: "Ẹ̀yin tí ẹ ń wò fìrí kí ẹ tó lọ!" Felisití, ọ̀rẹ́ mi agbẹ̀bí, ni gbogbo wọn lé, wọ́n ní aláìsàn kò lóyún. Ó ní irọ́ ni, ó di ẹsẹ̀ mi mú. Kosí sáré dé, ó di apá mi mú. Ẹnì kan tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ìgbà náà ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí káàkiri ara, mo wá mọ̀ pé ọ̀nà ìjàlọ ni mo tẹ́ ẹní sí.

"Yéè! Ẹ gbà mí o! Wọ́n ń jẹ mí!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. "Ó mà mọ eré ṣe o!"

"Fòfó Kosí, ẹ jọ̀ọ́!" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin níbẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì ló ń béèrè ibi tó ń dun aláìsàn," ó dáhùn.

"Dókítà ò tíì pàṣẹ," ni ọmọ kíláàsì mi kan ké.

Mo fò dìde. Ìró mi kù sọ́wọ́ Felisití. Ṣími nìkan ni mo fi sáré kọjá níwájú ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà lọ sábẹ́ ẹ̀rọ omi, gbogbo ilé ìwé sì rẹ́rìn-ín títí. Ìgbà tí wọ́n rí i pé ojú mi ń wú ni ẹ̀rín tán. Kosí sáré lọ mú oògùn, àwọn nọ́ọ̀sì ń tu ìjàlọ lára mi, Felisití ró ìró fún mi, ó ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Kò sẹ́ni tó tún béèrè iṣẹ́ ta ni.

Lọ́jọ́ kejì, tojú-timú mi wú, mo dúró níwájú ọ̀gá àgbà.

"Ọ̀gá, mo ti wọ̀n ọ́n. Ohun tí kálukú ò fẹ́ ṣe ló ń pè ní iṣẹ́ ẹnì kejì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyà ń jẹ mí lóòótọ́, wọ́n ṣe é pọ̀."

Ọ̀gá tí a kò rí eyín rẹ̀ rí rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú. Ó ní, "Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Láti ọjọ́ Ajé, kí gbogbo yín máa wọlé."

Lọ́jọ́ Ajé, èmi ni mo ṣíwájú àwọn nọ́ọ̀sì wọlé. Inú mi dùn, mo gbórí sókè bí ẹni tó jọba; kò sí ohun tí mo ṣe látìgbà náà tí mo fi ń yangàn tó èyí. Mo kọ́ ọ pé iyì iṣẹ́ mi kò dín nígbà tí mo mọ iyì iṣẹ́ ẹlòmíràn. Bàbá arúgbó tó wà lórí ibùsùn àkọ́kọ́ wo ojú mi tó ṣì wú, àánú ṣe é, ó sún mọ́ ògiri.

"Ọmọ mi, wá dùbúlẹ̀ síbí. Tìrẹ le ju tèmi lọ."

Ẹ̀rín ni mo rín, kí ni mo tún lè ṣe?