Etí Wúrà àti Kámẹ́rà Tí Ó Ní Ó Ti Kú

Ọmọ ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni.

Etí Wúrà ni ó ń pe ara rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní nínú gbogbo ìlú, òun nìkan ló mọ kámẹ́rà Rọ́ṣíà àtijọ́ dójú àmì. Àwọn kámẹ́rà onírin wúwo yẹn ni, tí èèyàn ń yọjú wo nínú fèrèsé kékeré, tí yóò máa yí dígí iwájú rẹ̀ títí àwòrán méjì yóò fi di ẹyọ kan. Mẹ́tàdínlógún ni ó tò sínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ní pálọ̀ rẹ̀. Ó ń nù wọ́n láràárọ̀. Kò sí ẹni tí ó rí i kí ó fi fíìmù sínú ọ̀kankan rí.

Kì í fi irinṣẹ́ yẹ kámẹ́rà wò. Etí ló ń lò. Wọ́n á tẹ kámẹ́rà, yóò dún kẹ́ṣẹ́, òun á dijú, á na ìka kan sókè bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò.

"Ọgọ́rùn-ún," ni yóò wí. "Ó fi irun imú kan lọ́ra."

Bí kámẹ́rà ṣe ń yára lajú, tó sì ń yára pa á dé, ni ó ń sọ. Bí nọ́ńbà orí rẹ̀ bá ní ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta, kí a gé ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ẹyọ kan péré ni ó gbọ́dọ̀ fi lajú. Àwọn kámẹ́rà náà ti darúgbó. Òmíràn nínú wọn ń parọ́.

"Etí Wúrà!" ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ onífọ́tò máa ń kí i. "Etí tó ń gbọ́ ìgbà tí èèrà bá húkọ́! Etí tó ń gbọ́ bí irùngbọ̀n ṣe ń hù!"

Wọ́n ń ṣe yẹ̀yẹ́. Òun ń dúpẹ́.

Lọ́dún yìí, ẹgbẹ́ fẹ́ fi í ṣe Adájọ́ Kámẹ́rà. Kámẹ́rà tí adájọ́ bá ní ó ti kú, ọ̀dọ̀ adájọ́ ni yóò kù sí, kí ó lè máa yọ ẹ̀yà ara rẹ̀ fi tún òmíràn ṣe. Etí Wúrà ló kọ òfin náà. Bírò pupa ló fi kọ ọ́.

Ní ọjọ́ Túsìdeé, Ìyá Onífọ́tò gbé kámẹ́rà ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé wá sí pálọ̀ náà, kí ó bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Òun ló fi ń jẹun. Òun ló fi ń ya fọ́tò fún àwọn tó fẹ́ gba ìwé ìrìnnà, àti ọmọ tuntun. Irú èyí tí Etí Wúrà kò ní gan-an ni. Bí ó ṣe rí i, itọ́ kún un lẹ́nu. Ó yí nọ́ńbà sí ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ó fa fíìmù, ó tẹ̀ ẹ́. Kẹ́ẹ̀ẹ̀ṣẹ́. Ó lọ́ra lóòótọ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò béèrè ìdí.

"Ìyàwó wa, ẹ mọ́kàn le. Ó ti kú."

"Kú báwo? Mo fi ya ọmọ jòjòló lánàá, ẹ̀ẹ̀kẹ́ rẹ̀ mọ́ kedere!"

"Oríire lásán nìyẹn. Ẹ fi sílẹ̀ níbí."

"Mi ò fi sílẹ̀."

"Ó dáa. Ó di Sátidé, níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Ẹ máa mú aṣọ ìnujú dání."

Ọjọ́ Sátidé pé. Etí Wúrà wọ kóòtù tuntun. Ìrẹsì àti adìyẹ ń sè lẹ́yìn gbọ̀ngàn, tìtorí oyè rẹ̀ ni. Ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe gbé àpótí kan wá tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn. Bí a bá gbé kámẹ́rà síwájú gílóòbù rẹ̀, tí a tẹ̀ ẹ́, nọ́ńbà òtítọ́ á yọ lójú àpótí.

Alága béèrè bóyá àpótí náà kò ní bí i nínú.

"Ẹ gbé e wá!" ni Etí Wúrà wí. "Kí ẹ̀rọ wá jẹ́rìí sí etí!"

Ó gba kámẹ́rà. Ó yí nọ́ńbà sí ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ó fa fíìmù, ó tẹ̀ ẹ́. Ọgbọ̀n ló yọ lójú àpótí.

"Mo wí àbí mi ò wí?" Ó ti na ọwọ́ sí àpò kámẹ́rà náà.

Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Ìyá Onífọ́tò wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Díẹ̀díẹ̀, kí gbogbo wa rí ọwọ́ yín."

Ó tún ṣe é, pẹ̀lú ìgbéraga, bí olùkọ́. Alága yọ awò ojú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́kọ́ ń yí nọ́ńbà kí ẹ tó fa fíìmù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mo ti ń ṣe é láti ogún ọdún."

Ẹ̀rín bú lu gbọ̀ngàn. Obìnrin kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nínú irú kámẹ́rà yẹn, fífa fíìmù máa ń yí nọ́ńbà náà kiri. Ẹni tó bá yí i kó tó fà á, ibòmíràn ni nọ́ńbà rẹ̀ ń bọ́ sí. Ohun tí wọ́n ń kọ́ni lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá ti ya fíìmù kan péré mọ̀ ọ́n.

"Èmi onírédíò mọ̀ ọ́n!" ni ọkùnrin alápòótí kígbe.

Ìyá Onífọ́tò gba kámẹ́rà rẹ̀. Ó fà á. Ó yí i. Ó tẹ̀ ẹ́. Ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta dín mẹ́wàá ló yọ.

"Òkú ti jí o!" ni ẹnì kan wí lẹ́yìn.

"Etí Wúrà," ni obìnrin náà wí, "kí ni etí gbọ́?"

"Ariwo... ariwo yín ló pọ̀ jù."

Ìgbà náà ni bàbá arúgbó kan dìde. "Ẹ dákẹ́ ná. Kámẹ́rà tèmi tó ní ó ti kú lọ́dún kẹta sẹ́yìn, tó ní kí n fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun ńkọ́?"

"Tèmi náà ńkọ́?"

"Tèmi méjì ni!"

Gbogbo gbọ̀ngàn tú jáde, ó di pálọ̀ Etí Wúrà, àpótí wà níwájú. Wọ́n ń fà á, wọ́n ń yí i, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Mọ́kànlá ló jí. Oníkálùkù gbé tirẹ̀ kọ́rùn. Wọ́n padà lọ jẹ ìrẹsì àti adìyẹ oyè. Wọn ò pè é.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀wà inú agolo ló jẹ. Kò gbé e kaná. Ìdúró ló wà tó fi jẹ ẹ́ tán, pẹ̀lú kóòtù tuntun lọ́rùn.