Agolo Mílíìkì Tó Di Ayaba

Ẹjọ́ tó wọ ààfin Baálẹ̀ Abúlé Òkúta lánàá, agolo mílíìkì kékeré kan ló gbé e wá. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ìjọba ṣọ́jà la wà yìí, ọjà ti wọ́n gógó, ìdájí ni ènìyàn ń lọ tò kí wọ́n tó ta agolo kan ṣoṣo fún un, kòbókò á sì máa fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́yìn. Kausarat ìyàwó Isiaq tò, ó rí ọ̀kan rà, ó fi aṣọ wé e sínú àpótí bí ẹni tọ́jú góòlù. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń bọ̀ láti Ìsàlẹ̀ Èkó lọ́jọ́ Jímọ̀. Ìgbà tí ìyá náà wá kẹ́yìn, tíì lásán ni Kausarat rí gbé fún un. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, gbogbo mọ̀lẹ́bí ti gbọ́ pé omi ewé ni wọ́n fi ń bọ́ ọmọ òun ní Bàrígà. Kausarat ti búra pé ojú kò ní ti òun lẹ́ẹ̀kejì.

Mílíìkì ọ̀hún wá dàwátì. Kausarat gbé pátákó ayò karí, ó forí lé ààfin.

Baálẹ̀ wò ó. "Kí ló dé, ìyàwó Isiaq?"

"Bàbá, ọkọ mi fi mílíìkì mi tọrẹ nídìí ayò."

"Ayò wo?"

"Ayò òyìnbó tí wọ́n ń pè ní ṣẹ́ẹ̀sì. Ọ̀gá wọn nílé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú ló fún un nígbà tó ń kó lọ. Òun àti Àkànó káfíńtà ló máa ń jókòó tì í níwájú ilé wa bí ẹni tí wọ́n lẹ̀ mọ́ bẹ́ǹṣì. Ayaba inú rẹ̀ ti sọnù, kẹ̀kẹ́ òwú mi ni wọ́n fi ń rọ́pò rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, mo fẹ́ rán bùbá, mo gba kẹ̀kẹ́ òwú mi. Ni ọkọ mi, Bàbá Níní, bá wọlé, wọ́n tú àpótí mi, wọ́n gbé mílíìkì jáde, wọ́n ní ayaba dé!"

"Mo fẹ́ dá a padà ni," Isiaq, tí òun àti Àkànó ti tẹ̀lé e wá, dá sí i.

"Èyí tí ẹ dá padà dà?"

Baálẹ̀ ní kí Isiaq fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Isiaq tún fìlà dé, ó wúkọ́ díẹ̀.

"Kí Baálẹ̀ pẹ́. Mi ò sọ mílíìkì nù o. Ìdẹ ni mo fi ṣe. Àwọn ẹ̀ṣọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà ọba Àkànó, wọn ò jẹ́ kí n wọlé. Mo wá ti ayaba mi sí wọn níwájú. Bí wọ́n ṣe sáré bá mílíìkì báyìí, ẹnu ọ̀nà ọba ṣí sílẹ̀ gbayawu! Bàbá, ṣé ẹni tó fi ekòló sẹ́nu ìwọ̀ lẹ ó pè ní òmùgọ̀?"

Kausarat fò dìde. "Ekòló ta ni? Ekòló tèmi! Kí ló dé tí ẹ ò fi fìlà yín ṣe ekòló?"

"Fìlà ò wu Àkànó."

Àwọn ìjòyè bú sẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ ò rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí Àkànó, géńdé ọkùnrin ará Ọ̀yọ́ kan báyìí.

"Ìwọ lo mú mílíìkì?"

"Mo mú un lójú ogun, Bàbá. Lórí bẹ́ǹṣì wa, ohun tí o bá kó lọ́wọ́ ọ̀tá, orí itan rẹ ló ń gbé títí ayò á fi tán."

"Ayò ti tán?"

"Kò tíì tán. Inú ló ń run mí. Mo ní kí n sáré lọ ṣe gáà kí n padà."

"Ìgbà wo nìyẹn?"

"Ọjọ́ Àìkú."

"Òní ńkọ́?"

"Ọjọ́rú ni, Bàbá."

"Gáà wo nìyẹn!" Ọ̀tún Baálẹ̀ pariwo. "Mílíìkì tó wà lórí itan rẹ dà?"

Àkànó wolẹ̀. "Gààrí ló wà nílé. Kò sí ṣúgà, kò sí ẹ̀pà. Mo kàn ní kí n fi tọ́ ọ wò."

Kausarat káwọ́ lérí. Ó dà bíi pé ó ti ń gbọ́ ohùn ìyá ọkọ rẹ̀ láti Ìsàlẹ̀ Èkó: omi ewé, omi ewé.

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Tabitha onídìrí tí ojúlé rẹ̀ kọjú sí tiwọn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ojú mi báyìí ló ṣe. Bàbá Níní rọra fi ìka méjì ti agolo síwájú, ó wá fọwọ́ lẹ́rán, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọkọ ìyàwó."

"Irọ́ ni!" Àlímì tó ń tún aago ṣe ló dáhùn. "Ó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ ni. Nígbà tí Àkànó nawọ́ sí i, mo gbọ́ tó ké, 'Yéè!'"

"Yéè ayọ̀ ni," Isiaq wí.

"Àlímì, ṣebí o ń sùn?" Tabitha bi í.

"Ojú mi ló sùn. Etí mi ò sùn."

"Etí tó gbọ́ yéè kò gbọ́ ẹ̀rín?"

"Ta ló ń gbọ́ ẹ̀rín músẹ́?"

Baálẹ̀ gbọ́wọ́ sókè. "Ó tó. Ẹ tẹ́ pátákó yẹn síbí, kí Isiaq fi ìkọlù rẹ̀ hàn mí. Bó bá jẹ́ pé ó gbàgbé ni, a ó mọ̀."

Wọ́n tò ó bó ṣe wà lọ́jọ́ náà. Àwọn tó ń bú ara wọn láti òwúrọ̀ ò janpata lórí ojú ibi tí ọmọ ayò kankan wà.

"Àwọn wo ni kéékèèké yìí?" Baálẹ̀ bèèrè.

"Ṣọ́jà ni, Bàbá. Wọn ò já mọ́ nǹkan kan..."

Ọ̀tún bo Isiaq lẹ́nu. "Rẹ ohùn sílẹ̀! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n wá kó gbogbo wa ni?"

"Ṣọ́jà igi ni mo wí."

"Igi náà, rọra pè é."

Isiaq fi ẹṣin fò, ọba Àkànó sá. Ó tún fò, ọba tún sá. Gbogbo ìgbìmọ̀ ti dìde, Baálẹ̀ pàápàá ti na ọrùn. Ṣọ́jà kékeré kan wà létí pátákó tí ẹnikẹ́ni ò ti kà sí. Isiaq sún un síwájú ní ẹsẹ̀ kan, ó kan òpin.

"Ayaba!"

"Báwo?"

"Èyí tó bá rìn síwájú láìwẹ̀yìn títí dé òpin, ayaba ló ń dà, Bàbá." Ọwọ́ rẹ̀ ti ń wá ohun tí yóò gbé síbẹ̀, ó sún mọ́ pọ́ọ̀sì Kausarat.

"Ẹ dán an wò!"

Ọ̀tún sáré gbé ìgò àáṣáà rẹ̀ fún un. Ó gbé e síbẹ̀, kò wá sí ibi tí ọba Àkànó lè sá sí mọ́.

"Ọba kú!" Isiaq ké.

"Nínú ààfin?" Ọ̀tún ta gìrì.

"Ó wàjà, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ rí i báyìí? Ayaba tí mo fi sílẹ̀ ti padà!"

"Ayaba padà," Kausarat wí. "Mílíìkì ńkọ́?"

Baálẹ̀ mú ọba orí pátákó, ó jù ú sápò agbádá rẹ̀.

"Isiaq, o ò gbàgbé, o gbọ́n. Àmọ́ ohun olóhun lo fi gbọ́n. Ìdájọ́ mi nìyí. Láti ìdájí ọ̀la, ìwọ ni ṣọ́jà kékeré. Wàá lọ tò níwájú ṣọ́ọ̀bù ìjọba. Ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kan, iwájú nìkan. O ò gbọdọ̀ wẹ̀yìn, o ò gbọdọ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí o bá dé òpin, wàá gba ayaba kan fún ìyàwó rẹ. Àkànó, ìwọ jẹ ìdẹ tán, o sá fún ìwọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wàá tò sí, tìrẹ náà, Kausarat ló ni ín. Títí mílíìkì á fi dé, apò mi lọba yín ń gbé. Ẹ máa ta ayò aláìlọ́ba."

"Bí kò bá dé kí Jímọ̀ tó mọ́ ńkọ́?" Ọ̀tún bèèrè.

"Isiaq fúnra rẹ̀ ni yóò gbé tíì lásán fún ìyá rẹ̀, yóò sì fẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tí mílíìkì gbà."

Isiaq dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bàbá, ẹ kúkú ní kí wọ́n nà mí."

Baálẹ̀ ti wọlé.

Ní ìdájí òní, láìnì gùn láti ṣọ́ọ̀bù dé ojú títì. Isiaq wà níbẹ̀, Àkànó wà lẹ́yìn rẹ̀, Kausarat dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn méjèèjì, ó mú ọmọrogùn dání. Nígbà tí ó ku díẹ̀ kí ó kàn án, Isiaq wo ẹ̀yìn, ó rí aláboyún kan tó ń làágùn.

"Ìyá Níní," ó rọra wí, "bí mo bá fi àyè mi sílẹ̀ fún aláboyún yẹn, inú ṣọ́jà tó mú kòbókò yìí á dùn sí mi, á sì..."

Kausarat gbé ọmọrogùn sókè.

Isiaq gbé ẹsẹ̀ kan síwájú.