Baba Ìkókó àti Àpótí Ooru

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó fẹ́ràn ara rẹ̀ ju bí ìyá ṣe fẹ́ràn àkọ́bí lọ, ẹ má rìn jìnnà: Alága ilé ìwòsàn ìletò kan ni. A-wú-bí-búrẹ́dì, ọ̀gá tó ga ju àga rẹ̀ lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ ní Baba Ìkókó. Bí ẹ bá kí i lẹ́ẹ̀kan, ẹ tún un kí, torí ìkíni àkọ́kọ́ kì í wọ̀ ọ́ létí.

Àwọn àlejò kan láti ìgboro ló ta ilé ìwòsàn náà lọ́rẹ àpótí ooru, èyí tí wọ́n ń tẹ́ ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé sí kí òtútù má baà pa á. Ọjọ́ tó dé ni Alága gbé e wọ ọ́fíìsì rẹ̀, ó tì í pa, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ kọ́rùn.

"Ìkókó tún bá òtútù lọ lánàá, sà," nọ́ọ̀sì wí.

"Àìgbọràn ìyá rẹ̀ ni. Ẹ má fọwọ́ dọ̀tí kan àpótí mi kí àwọn tó rà á tó wá wò ó."

Ọjọ́ tí wọ́n máa wá wò ó pé. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, atẹ́gùn ń fẹ́. Adìẹ funfun kì í mọ ara rẹ̀ lágbà. Ti Baba Ìkókó tilẹ̀ burú, ó ń pa irùngbọ̀n láró. Nǹkan kan wà tó yẹ kó kó kúrò ní ọ́fíìsì kí àlejò tó dé, ṣùgbọ́n irùngbọ̀n apá òsì kò dúdú tó tọ̀tún. Níwájú dígí ló gbàgbé rẹ̀ sí.

Ó wọ kóòtù onírun, ó dúró níwájú àwọn àlejò àti èrò tó pé jọ sí iwájú ilé ìwòsàn, ó wúkọ́.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ló ń pa ìkókó wa? Òtútù ni."

Ìyá àgbà kan sáré jáde láti yàrá ìgbẹ̀bí. "Alága, ọmọ-ọmọ mi dé kí oṣù rẹ̀ tó pé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù bí ẹja odò. Ẹ wá ṣí àpótí."

"Màmá, ẹ ṣe sùúrù. Ọ̀rọ̀ òtútù náà ni mò ń sọ lọ́wọ́."

"Ṣé ọ̀rọ̀ la ó fi bò ó?"

Olórí àwọn àlejò dìde. "Ẹ ṣí i, sà. Nítorí irú ọmọ yẹn la ṣe rà á."

Ìgbà náà ni Alága rántí. Òógùn bò ó nínú òtútù. "Kọ́kọ́rọ́… ó ti sọnù."

"Ọrùn yín ló sọnù sí," ìyá àgbà wí, ó sì já a gbà.

Wọ́n ṣílẹ̀kùn. Ooru kí wọn káàbọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ kio, kio, kio. Òròmọdìẹ kún àpótí bámúbámú, wọ́n sanra, wọ́n na ẹsẹ̀ gbalaja bí ọmọ ọba.

"Mo… mo ń dán ẹ̀rọ náà wò ni," Alága wí.

"Ó ṣiṣẹ́," ìyá àgbà dáhùn. "Ẹ bọ́ kóòtù yẹn."

Ta ni yóò tẹ́ ìkókó sórí ìgbẹ́ adìẹ? Nọ́ọ̀sì gbé ọmọ náà ní ìhòòhò lé àyà ìyá rẹ̀, ó fi kóòtù onírun bo àwọn méjèèjì. Gbogbo èrò ń yọjú lójú fèrèsé. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ni igbe kan jáde, tín-ín-rín, ó tún jáde, ó le. Èrò mí kanlẹ̀.

Alága yọ́ gba ẹ̀yìnkùlé. Àwọn òròmọdìẹ, tí ooru ti di bárakú fún, bọ́ sílẹ̀ látinú àpótí, wọ́n tò tẹ̀lé ẹni tó ń bọ́ wọn, wọ́n ń ké.

"Ẹ rọra o, Baba Ìkókó," ìyá àgbà ké tẹ̀lé e. "Ẹ má jẹ́ kí òtútù pa àwọn ọmọ yín."