Táyà Tí Kò Mọ Apá Òsì

Bí mo bá tilẹ̀ gbàgbé orúkọ ara mi, mi ò lè gbàgbé ọjọ́ Sátidé tí mo gbé bàbá àfẹ́sọ́nà mi sínú píkọ́ọ̀pù, tí mo ní à ń lọ sí abúlé, tó wá jẹ́ pé Yábàá la ń yí po bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù. Ẹ̀yin tí ẹ bá rí mi lóde òní, tí ẹ rò pé wọ́n bí ọgbọ́n mọ́ mi ni, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí ná.

Nígbà náà, ogun ti parí, ọ̀dọ́ Èkó ń wọ sòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ gbàgẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bàtà gogoro tí a ń pè ní gàràntí. Ìjọba ti ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lápá òsì títì, ọwọ́ ọ̀tún la ti ń wakọ̀. Mo ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan ní Muṣin, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ra píkọ́ọ̀pù àlòkù tí mo fi ń kó àga àti tábìlì lọ fún àwọn oníbàárà. Ọkọ̀ náà dáa, àfi pé irin tó bo táyà iwájú lápá òsì ti gbún wọnú, níbi tí ẹni tó tà á fún mi ti fi kọ lu ògiri. Mi ò ka ìyẹn sí. Mo ti lọ́kọ̀, kí ló kù?

Ohun tó kù ni Fọlákẹ́. Tíṣà ni ní Yábàá, Sùúrùlérè ni wọ́n ń gbé. Èmi àti ẹ̀ ti gbà láti fẹ́ra wa, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sì tíì sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá náà, ọmọ ìjọ Áńgílíkà pọ́ńbélé, irú ẹni tó máa ń lọ aṣọ tó fi ń sùn. Èmi tí mo lè jẹ́ àbígbẹ̀yìn rẹ̀, “ẹ” ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀, bí ẹni ń bá àlejò tí kò fẹ́ kó pẹ́ nílé òun sọ̀rọ̀. “Ẹ káàsán o. Ẹ jókòó. Ṣé ẹ ti ń lọ?”

Ìyá bàbá yìí ṣì wà láyé nígbà náà, ní abúlé kan lẹ́yìn Ìkòròdú. Ẹ̀yìn ń dun màmá, orí ẹní ni wọ́n sì ń sùn. Nígbà tí mo gbọ́, mo fi igi ìrókò kan bẹ́ẹ̀dì fún wọn, iṣẹ́ tí mo fi gbogbo ara ṣe. Bàbá Fọlákẹ́ yẹ bẹ́ẹ̀dì náà wò, wọ́n yí i ká, wọn ò rí àbùkù kankan. Wọ́n wá bojú wo píkọ́ọ̀pù mi.

“Ọ̀nà ibẹ̀ kì í ṣe títì o. Ẹrẹ̀ ni, òjò sì ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé ọkọ̀ yín yìí á lè dé ibẹ̀?”

“Ọkọ̀ tèmi kẹ̀, Bàbá? Ó lè gun òkè Olúmọ!”

Irọ́ gbuu. Táyà ọkọ̀ náà ti dán bí ìsàlẹ̀ àwo tánńganran.

Lọ́jọ́ kejì, èmi, Fọlákẹ́ àti ọ̀rẹ́ mi Músílíù tó ń rán tìmùtìmù àga nítòsí ṣọ́ọ̀bù mi, a gba Jíbówú lọ, níbi tí wọ́n ti ń ta táyà fáwọn awakọ̀ tó ń rìnrìn àjò. Ọkùnrin kan tó sanra dáadáa ló dá wa lóhùn. Ọ̀gá Rọ́bà ni gbogbo èèyàn ń pè é. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ń fọwọ́ gbá táyà lẹ́yìn bí ẹni ń yin ọmọ. Ó fi oríṣi mẹ́ta hàn wá. Àkọ́kọ́ ni táyà ìgboro, ojú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìkejì ni èyí tó ń rìn lórí ọ̀dà, tó sì tún ń rìn nínú ẹrẹ̀. Ojú rẹ̀ là díẹ̀díẹ̀. Ìkẹta, ẹ̀yin èèyàn mi, ìkẹta wà lẹ́yìn, ó fara ti ògiri, ó ga, ó fẹ̀, ojú rẹ̀ jìn débi pé adìẹ lè yé ẹyin sínú rẹ̀. Irú èyí tí jíìpù àwọn sójà ń lò ni.

Fọlákẹ́ ò tilẹ̀ ronú pẹ́. “Ti àárín yìí ni kó o mú. Ó bá títì mu, ó bá ẹrẹ̀ mu. Nọ́ńbà ara rẹ̀ náà sì bá ti ara táyà àtijọ́ dọ́gba.”

“Àǹtí tíṣà,” ni Músílíù wí, “kíláàsì kọ́ la wà o. Táyà tó ń wọgbó la wá rà.”

Ọ̀gá Rọ́bà gbá táyà ńlá náà lẹ́yìn, gbàmù! “Ibi tí ẹsẹ̀ èèyàn ò dé, ibẹ̀ nìyí ń lọ. Ẹni tó bá ń gbé àna rẹ̀ lọ sóko, èyí ló yẹ ẹ́.”

Mi ò mọ ẹni tó sọ fún un pé àna ni mò ń gbé. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ṣá. Mo ti rí ara mi lójú inú, tí mò ń la ẹrẹ̀ kọjá bí ọ̀gágun, tí Bàbá Fọlákẹ́ ń sọ pé irú ọkùnrin tí òun ń wá fún ọmọ òun nìyí. Mo ra èyí tó ga, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Fọlákẹ́ wò mí, ó lọ jókòó sínú ọkọ̀. Fọ́kánísà tó bá wa de táyà náà mọ́ ọkọ̀ wo táyà, ó wo irin tó gbún, ó wo ojú mi, ó ní, “Ọ̀gá, Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín o.” Mo ṣe àmín, mo rò pé àdúrà ló gbà fún mi.

Ọkọ̀ mi ga! Ó dà bíi pé òun náà ti wọ gàràntí. Láàárọ̀ Sátidé, èmi àti Músílíù gbé bẹ́ẹ̀dì sẹ́yìn ọkọ̀, a kọrí sí Sùúrùlérè. Bí a ṣe bọ́ sórí ọ̀dà ni táyà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, wùùùùù! Ní Ìdí-Òro, mo rí àwọn èèyàn tó ń wojú sánmà, wọ́n ń wá ọkọ̀ òfurufú. Mo rí i pé síárìn ń wúwo bí mo bá ń yà sí òsì, ṣùgbọ́n mo ní ara táyà tuntun ni.

Bàbá Fọlákẹ́ jáde nínú agbádá funfun, agbòjò lọ́wọ́. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ sókè, ẹsẹ̀ kò dé inú ọkọ̀. Wọ́n gbé e lẹ́ẹ̀kan sí i, agbádá kọ́ ilẹ̀kùn. Fọlákẹ́ sáré gbé àpótí ìdáná wá. Bàbá gun àpótí, síbẹ̀ ó kù díẹ̀. Ni mo bá lọ sẹ́yìn, mo fọwọ́ méjèèjì tì wọ́n nídìí wọlé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín: kò sí bí èèyàn ṣe lè ti ìdí àna rẹ̀ tí iyì ẹ̀ á fi kù sílẹ̀. Bàbá tún agbádá ṣe, wọ́n jókòó sáàárín èmi àti ọmọ wọn, wọ́n wo iwájú gan-an.

Ìgbà tó jẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti àwa méjì péré ló wà nínú ọkọ̀, àṣírí bò. Nísinsìnyí tí èèyàn méjì ti kún un, ara ọkọ̀ ti wálẹ̀ lé táyà. Ní ìyànà àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ yà sí òsì, kríííì! Táyà gbé irin tó gbún jẹ. Òórùn rọ́bà tó ń jóná gba inú ọkọ̀ kan.

“Kí nìyẹn?” ni Bàbá béèrè.

“Ó ń na ara ni, Bàbá.”

Mo yára dá síárìn padà, mo sì yà sí ọ̀tún. Ọ̀tún ò ní wàhálà. Ni mo bá dá ọgbọ́n kan. Mo rò ó pé bí èèyàn bá yà sí ọ̀tún, tó tún yà sí ọ̀tún, tó tún yà sí ọ̀tún sí i, dandan ni kó kọjú síbi tí òsì wà. Ìṣirò náà pé. Àwọn títì Yábàá ni kò mọ ìṣirò. Ọ̀kan pin sídìí ògiri, òmíràn gbé wa lọ sẹ́bàá ọ̀nà rélùwéè, òmíràn sì dá wa padà síbi tí a ti ń bọ̀. Ọ̀rẹ́ Bàbá kan wà tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ìjọba, Bàbá Táíwò, ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ọjà Tejúoṣó. Ó jókòó sí iwájú ilé, ó ń ka ìwé ìròyìn. A kọjá, ó juwọ́ sí wa. A tún kọjá, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. Nígbà tí a máa fi kọjá lẹ́ẹ̀kẹta, ó ti bọ́ sí títì, ó na ìwé ìròyìn bí ẹni ń dá bọ́ọ̀sì dúró.

“Irú fàájì wo lẹ ń ṣe tẹ́ ẹ ò pè mí sí?” Kí n tó fèsì, Músílíù tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ ti fà á gòkè, ó ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ìyá àgbà, ó ní ká máa lọ.

Bàbá Fọlákẹ́ yíjú sí mi díẹ̀díẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà Ìkòròdú wo la ń gbà yìí?”

“Àbùjá ni, Bàbá.”

Fọlákẹ́ ti kọjú sí fèrèsé. Èjìká rẹ̀ ń mì. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń sunkún.

Bàbá Táíwò kì í ṣe èèyàn kékeré, ọkọ̀ sì túbọ̀ wálẹ̀. Kò pẹ́ tí títì fi gbé wa dé ráńdábáòtù kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń wakọ̀, ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá ń wà lọ́wọ́ ọ̀tún, òsì ló gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ sí kó tó lè yí ráńdábáòtù po. Mo gbé síárìn sí òsì. Kríííì! Ó há. Mo tẹ bíréèkì, ó ti pẹ́ jù. Ọkọ̀ lọ tààrà, ó gun etí ráńdábáòtù, ó wọ àárín òdòdó ìjọba. Táyà náà gùn ún bí ẹni gun àtẹ̀gùn ilé bàbá rẹ̀. Kò yọ̀, kò rì sínú ilẹ̀ tútù. Ọ̀gá Rọ́bà kò parọ́ o. A dúró sáàárín gbùngbùn koríko, ẹ́ńjìnì kú.

Músílíù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn. “Ṣé a ti dé ni?”

Ni Bàbá Fọlákẹ́ bá bú sẹ́rìn-ín. Mi ò gbọ́ ẹ̀rín wọn rí títí di ọjọ́ náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí fìlà fi ṣí lórí wọn. Fọlákẹ́ náà tú tirẹ̀ tó ti ń dì mọ́ra látàárọ̀ sílẹ̀, ó ń fọwọ́ gbá ilẹ̀kùn ọkọ̀. Èmi nìkan ni mi ò rẹ́rìn-ín, nítorí mo ti rí ọlọ́pàá tó ń bọ̀.

“Ta ló ní kẹ́ ẹ wá páàkì síbí?” Ó wo táyà, ó wo òdòdó, ó mi orí. Ó ní ká sọ ẹrù kalẹ̀ kí ọkọ̀ lè fúyẹ́, káwọn èèyàn lè bá wa tì í. A gbé bẹ́ẹ̀dì kalẹ̀ sórí koríko, a tẹ́ tìmùtìmù tí Músílíù rán fún un lé e. Oòrùn ti mú, ẹsẹ̀ ti ń ro Bàbá, wọ́n bá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ṣí agbòjò. Bàbá Táíwò jókòó tì wọ́n. Àwọn tó ń kọjá ń dọ̀bálẹ̀, wọ́n ń kí wọn bí ẹni kí ọba lórí ìtẹ́. Fọlákẹ́ ní òun á dúró tì wọ́n, kí èmi àti Músílíù lọ wá nǹkan ṣe sí táyà. Ó fi kún un pé, “Ti àárín o.”

Àwọn èèyàn bá wa ti ọkọ̀ bọ́ sí títì, ẹ́ńjìnì sì jí. Bí ọkọ̀ ṣe ṣófo, ó tún yí sí òsì, ìkà! Ní Jíbówú, Ọ̀gá Rọ́bà ò tilẹ̀ bi mí ní ìbéèrè. Táyà ti àárín ti wà nílẹ̀ níwájú ìsọ̀ rẹ̀, bíi pé ó ń retí mi. Ó gba ti sójà padà, fọ́kánísà sì de tuntun mọ́ ọn. Ó ṣe mí bíi kí n kí i pé àdúrà rẹ̀ gbà.

Nígbà tí a padà dé ráńdábáòtù, èrò ti pé bí ọjọ́ ọjà. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé nǹkan ti ṣe àgbàlagbà. Mo fi ọkọ̀ sílẹ̀, mo ń ti èèyàn sọ́tùn-ún sósì. Kí ni mo rí? Ọlọ́pàá ti bọ́ bàtà, ó na gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì, ó di ojú. Bàbá Fọlákẹ́ dúró sí apá ìgbèrí, wọ́n ń fi agbòjò tọ́ka sí igi.

“Ẹ fọwọ́ kàn án! Ìrókò ni. Ẹ jì í wò bóyá á dún. Ọkọ ọmọ mi ló kàn án, ní Muṣin. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ irú ẹ̀, ẹ tò sọ́tùn-ún.”

Mo dúró, mò ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ lẹ́nu: Ọkọ ọmọ mi. Mo wo Fọlákẹ́, ó wò mí, ó gbé ojú sókè bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan. Bàbá rí mi.

“Ìwọ ọmọ yìí, ibo lo lọ tó bẹ́ẹ̀? Àwọn oníbàárà rẹ ti ń dúró. Wá dá wọn lóhùn!”

Kò sí “ẹ” nínú ẹ̀ mọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sínú ohun tó ṣẹ́ kù nínú òdòdó ìjọba.

Ọlọ́pàá náà bú mi díẹ̀, ó sì ní kí n kan tòun, kí ó gùn dáadáa nítorí ẹsẹ̀ òun. A dé abúlé kí ilẹ̀ tó ṣú, Bàbá Táíwò pẹ̀lú wa, torí kò sẹ́ni tó rántí dá a padà sílé. Ẹ fẹ́ mọ bí ẹrẹ̀ ọ̀nà ọ̀hún ṣe rí? Kò sí ẹrẹ̀. Katakata ìjọba ti tẹ́ ojú ọ̀nà náà pẹrẹsẹ láàárín ọ̀sẹ̀, ó gbẹ, ó ń dán. Àní táyà mi àtijọ́ tó pá lórí ìbá gbé wa débẹ̀. Ìyá àgbà fọwọ́ tẹ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sùn lé e, wọ́n súre fún mi, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe jí àwọn.

Ohun tí mo kọ́ ni pé kí èèyàn yan táyà fún ọkọ̀ tó ní, àti fún ọ̀nà tó ń rìn lójoojúmọ́. Kó má yàn án fún ẹnu tó fọ́n sílẹ̀ níwájú àna. Bí ẹni tí ẹ fẹ́ fi ṣe aya bá sì sọ òótọ́ fún yín ní ìsọ̀ táyà, ẹ gbà á níbẹ̀. Kò dìgbà tí ẹ bá gun orí òdòdó.

Lánàá yìí, ọmọ wa ọkùnrin tó fẹ́ ra ọkọ̀ wá sílé, ó ní kí n bá òun lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ti ń wá bàtà mi. Ìyá rẹ̀ jáde láti yàrá, gèlè ti wà lórí, báàgì ti wà lọ́wọ́. Ó ní, “Dáadí, ẹ jókòó, ẹ sinmi. Àwa méjèèjì ti ń lọ.” Mo bọ́ bàtà, mo jókòó, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.