Èènì Tí Mi Ò Yẹ̀ Wò

Ọjọ́ kan wà tí ọkàn mi kọ̀ láti gbàgbé, bí mo tilẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ títí. Bí mo bá rántí rẹ̀ láàárín èrò, ńṣe ni mo máa ń fọwọ́ bo ẹnu kí wọ́n má baà bi mí pé kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Ìyàwó mi, Ìyá Bọ́lá, ti ṣaláìsí nígbà náà. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Lọ́jọ́ ìsìnkú, àga ò tó èrò jókòó. Nígbà tó yá, èrò túká, ó ku àga. Bọ́lá ọmọ mi padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ní Kánò, ó wá ku èmi, rédíò, àti fíríìjì kan tó máa ń kùn bí ẹni fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀. Mo sì máa ń dá a lóhùn. Ẹ̀yìn àwọn ilé iṣẹ́ ní Òrégùn nilé wa wà. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń wọ́ kọjá tariwo tariwo nírọ̀lẹ́, màá jókòó sẹ́nu géètì bíi pé mo ń retí ẹnì kan. Mi ò retí ẹnikẹ́ni.

Àfi Alhájì Ganí. Ilé iṣẹ́ oníke kan náà lèmi àti ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ yìí ti jọ ṣiṣẹ́ ká tó fẹ̀yìn tì. Ibẹ̀ la ti máa ń ta dráàfù lásìkò oúnjẹ ọ̀sán. Agége ló ń gbé, kò jìnnà, síbẹ̀ láti ìgbà tó ti wá bá mi kẹ́dùn, mi ò fojú kàn án mọ́. "Màá yọjú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀" ló máa ń wí lórí fóònù. Ọ̀sẹ̀ ń bọ̀, ọ̀sẹ̀ ń lọ. Nígbà tó wá sọ pé òun ń bọ̀ lóòótọ́ lẹ́yìn Jímọ́ọ̀, mo pinnu pé màá ṣe é lálejò débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní lè kọ ilé mi mọ́.

Bí mo ṣe dé sùpámákẹ́ẹ̀tì nìyẹn o, èmi tí mi ò mọ ibi tí wọ́n ń gbà wọ̀ ọ́. Ìyá Bọ́lá ló máa ń ra gbogbo nǹkan. Ohun kan ṣoṣo tí mo rántí nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé kí n máa wo déètì. Mo gbé awò ojú mi wọ̀, mo na agolo sádìnì sókè síná, mo yí i po, mo dojú rẹ̀ délẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fún mílíìkì, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fún bísíkíìtì. Obìnrin kan tó fẹ́ kọjá lẹ́yìn mi pòṣé.

"Bàbá, ẹ fẹ́ rà á ni àbí ẹ fẹ́ kà á sórí?"

"Ẹni tó bá ń kánjú, kó gba òkè kọjá," ni mo fèsì. Mo ti di ọ̀gá nìyẹn.

Mo wá kan páálí kọ́nfíléèkì kan. Wọ́n ti fi sẹ̀lótéèpù so ìgò yógọ́ọ̀tì mẹ́ta mọ́ ọn lára. Déètì páálí náà dára. Mo bi ọmọbìnrin tó ń to ọjà léèrè:

"Ọmọ mi, èló ni ti ìgò yìí?"

"Ọ̀fẹ́ ni, Dádì."

"Ọ̀fẹ́? Èènì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà, èènì ni."

"Ta ló ní kí ẹ fi kún un fún mi?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Gbogbo èèyàn la ń fún, Dádì."

Etí mi ò gba apá tó kẹ́yìn yẹn. Ṣé ẹ rí i, Ìyá Bọ́lá ni àwọn ọlọ́jà máa ń fún ní èènì. Tó bá ra gààrí, wọn a bù kún un. Tó bá ra ata, wọn a sọ méjì sí i. Èmi? Látìgbà tí mo ti dáyé, ẹnikẹ́ni ò fún mi ní èènì rí. Wọ́n ní ojú mi le. Mo dúró síbẹ̀, omi fẹ́ bọ́ lójú mi nídìí kọ́nfíléèkì. Sẹ̀lótéèpù ti bo déètì ìgò wọ̀nyẹn mọ́lẹ̀, mo fẹ́ ṣí i, ni mo bá ní rárá o. Ta ló ń yẹ èènì wò? Ẹni tí wọ́n bu èènì fún tó tún ń ṣà á, olúwarẹ̀ ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Mo bọ́ awò ojú mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà títí ó fi ń wò mí bákan, mo lọ sanwó.

Oòrùn mú hánhán nígbà tí Alhájì dé. Kí ni màá gbé fún un tó ju èènì mi lọ? Ó mu ìgò kìíní, ojú rẹ̀ fún pọ̀.

"Ó kan o."

"Bí yógọ́ọ̀tì ṣe ń ṣe nìyẹn, Alhájì. Ẹ gba ìkejì."

Ó gbà á. Èmi náà mu ọ̀kan, kó má baà dà bíi pé mò ń wò ó lẹ́nu. A tẹ́ pátákó dráàfù. Ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu wa, ayò ló ń bá wa sọ ọ́. Mo ti ń há a mọ́ igun nígbà tí nǹkan kan bú ramúramù. Mo rò pé àrá ni. Ikùn Alhájì ni. Ó fò dìde.

"Ẹ jókòó! Ẹ má sá fún ayò!"

"Bàbá Bọ́lá, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dà?"

Ó wọlé, ó tilẹ̀kùn. Ìgbà náà ni mo rántí pé iná ti lọ, omi ò sì sí nínú táǹkì. Mo gbé korobá, mo sáré lọ sídìí kànga aládùúgbò wa. Ibi tí mo ti ń fa omi ni ikùn tèmi náà ti kígbe. Ìrìn tí mo fi gbé korobá yẹn padà, ẹ má bi mí, alágẹmọ ò rin irú rẹ̀ rí. Kí n tó délé, ìdajì omi ti dà sí ṣòkòtò mi. Mo gbàdúrà pé omi náà ni.

"Alhájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe kíá!"

"Ẹ ní sùúrù, Bàbá Bọ́lá. Sùúrù ni baba ìwà."

"Ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá ìwà! Ẹ jáde!"

Bí ìgbà tí à ń ṣe ṣíífìtì nílé iṣẹ́ ló rí: ọ̀kan ń jáde, ọ̀kan ń wọlé, títí oòrùn fi rọlẹ̀. Nígbà tó yá, Alhájì he ìgò kan nílẹ̀, ó fi èékánná ṣí sẹ̀lótéèpù ara rẹ̀, ó nà án sí mi. Mo wá awò ojú mi. Ọjọ́ tó wà níbẹ̀ ti kọjá tipẹ́tipẹ́.

"Èènì ni," ni mo wí.

Ó mi orí, ó mú fìlà rẹ̀, ó ń fọwọ́ tọ ògiri lọ sí géètì. Mi ò lè bi í bóyá yóò tún wá.

Mo padà lọ sí sùpámákẹ́ẹ̀tì, mo rò ó fún ọmọbìnrin yẹn. Ó bẹ̀ mí, ó sì sáré lọ tú èyí tó kù kúrò lára páálí. "Ẹ ò wò ó ni, Dádì? Èyí tí ọjọ́ ẹ̀ ti fẹ́ pé ni wọ́n máa ń so mọ́ nǹkan o." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju inú rírun lọ. Mo délé, mi ò lè pe Alhájì. Kí ni màá sọ? Mo fi pátákó dráàfù sílẹ̀ bó ṣe wà, ayò kọ̀ọ̀kan níbi tí ọwọ́ wa fi í sí, mo ń rọra gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni ń gba ẹ̀gbẹ́ ọmọ tó sùn. Fíríìjì ń kùn. Mi ò dá a lóhùn mọ́.

Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀lé e, mo gbọ́ ariwo lẹ́nu géètì. Alhájì ni, ó gbé búrẹ́dì sókè.

"Eléyìí ò ní déètì o, Bàbá Bọ́lá, ṣùgbọ́n ó ṣì ń gbóná! Ẹ fọwọ́ kàn án kẹ́ ẹ tó sọ pé mo wá gbẹ̀san!"

Ó lọ tààrà sídìí pátákó, ó jókòó. Ó sún ayò kan.

"Mo ti ń sá fún ilé yín," ló wí, kò gbójú sókè. "Látìgbà tí Ìyá Bọ́lá ti lọ, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ tí ò ní dùn yín. Ṣùgbọ́n ẹni méjì tó bá ti jọ du ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan, ìtìjú wo ló tún kù láàárín wọn?"

Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi tún ń dùn mí. A ta ayò náà tán, mo nà án. Ó dìde, ó wọ bàtà, ó wò mí, ó tún bọ́ bàtà.

"Ẹ tún un tò. Ọ̀kan péré. Èènì ni."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohunkóhun tí wọ́n bá fi sẹ̀lótéèpù so mọ́ ọjà, ẹ ṣí i, ẹ ka ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ má tijú ẹnikẹ́ni. Sùpámákẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ìyekan ẹni. Ṣùgbọ́n èyí tí Alhájì fún mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mi ò wá awò ojú láti wò ó. Mo to ayò. Ó nà mí mọ́ inú ilé ara mi, èmi sì ń rẹ́rìn-ín bí òmùgọ̀.