Ìkéde Lórí Búùtà Tó Ń Da Omi Sínú Agbádá

Ẹ dákẹ́ ariwo o! Ará Irinṣọlá, ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń jẹun, kó dá òkèlè dúró! Ẹni tó ń sùn, kí aya rẹ̀ jí i! Kábíyèsí ló rán mi. Mi ò rán ara mi!

Gbogbo yín lẹ mọ Ògúndíran àti Mopélọ́lá, àbúrò rẹ̀ obìnrin, àwọn tó jogún ilé iṣẹ́ bàbá wọn ní Ìdí-Àràbà. Mọ́ọ̀dù ni wọ́n ń ṣe, irin tí wọ́n ń da ike gbígbóná sí, tí ike fi ń di abọ́, tó fi ń di búùtà. Ọjọ́ tí wọ́n ra kọ̀ǹpútà nìjà dé! Ètò ayàwòrán wo ni kí wọ́n máa fi ya mọ́ọ̀dù nínú rẹ̀? Ògúndíran fẹ́ èyí tí àwòrán inú rẹ̀ ń yí bìrí bí ọmọge tó wọ aṣọ tuntun. Mopélọ́lá fẹ́ èyí tó gbọ́ èdè ẹ̀rọ tó ń gé irin fún wọn. Ẹnì kan ò gbà fún ẹnì kan. Ẹ̀gbọ́n fi tirẹ̀ ya ìdajì mọ́ọ̀dù búùtà, ọwọ́ ló fi gé e. Àbúrò fi tirẹ̀ ya ìdajì, ẹ̀rọ ló gé e. Ìdajì ò mọ ìdajì!

Búùtà jáde o! Ẹnu rẹ̀ kọjú sí ẹni tó gbé e dání! Lọ́jọ́ Jímọ̀, Lèmọ́mù fẹ́ fi ṣe àlùwàlá. Omi ò kan ẹsẹ̀. Inú agbádá ló gbà lọ! Inú agbádá! Àwọn oníbàárà dá ọjà padà. Àwọn òṣìṣẹ́ jókòó sílé. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ò kí ara wọn mọ́. Èyí ló dun Kábíyèsí jù.

Nítorí náà, Ọba pàṣẹ!

Òfin kìíní! Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yan ètò ayàwòrán nítorí pé ó ń dán. Dídán kọ́ ni ọgbọ́n! Ẹni tó bá rú u, búùtà yẹn ni yóò máa fi wẹ̀.

Òfin kejì! Kí ètò méjèèjì ya búùtà kan náà. Kí ẹ̀rọ gé mọ́ọ̀dù rẹ̀. Kí ẹni tó yan ètò kọ̀ọ̀kan fi búùtà rẹ̀ fọ ẹsẹ̀ lójú gbogbo ayé!

Òfin kẹta! Ẹni tó bá de táì wá ta ètò ayàwòrán fún wa, tó ní tòun mọ ohun gbogbo, kó fi nọ́ńbà fóònù sílẹ̀. Bí a bá pè é tí kò gbé e, ewúrẹ́ kan! Bó bá gbé e, tó wá ní ká pa kọ̀ǹpútà ká tún un tàn, ewúrẹ́ méjì!

Kẹ́nikẹ́ni má sọ pé òfin yìí ò ṣe é ṣe. Wọ́n ti dán an wò níwájú ààfin. Àwòrán Ògúndíran rẹwà. Ẹ̀rọ wò ó, ó dákẹ́. Ó dákẹ́ jẹ́ẹ́! Ti Mopélọ́lá ò dùn ún wò, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ gbọ́ ọ, ó gé irin, búùtà jáde, omi dà sẹ́sẹ̀! Ògúndíran tẹrí ba. Ó lọ bá àbúrò rẹ̀, ó ní, “Tìrẹ ni ká lò. Jọ̀ọ́, kọ́ mi.” Mopélọ́lá fa àga, ó ní, “Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n mi.”

Òfin kẹrin, tuntun ni o! Kábíyèsí ò sunkún! Ẹni tó bá ní òun rí omi lójú Ọba lọ́jọ́ náà, yóò máa gbá ìta ààfin títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi tán.

Ẹnu lásán ni mo jẹ́, ààfin ló ni ọ̀rọ̀. Ẹni tínú ń bí, kó gba ibẹ̀ lọ. Mo ti kọjá o!